Ìdérí Ọkọ̀ Corella

Mo bá ìdérí tuntun tí mo kàn sí ihò iwájú ọkọ̀ mi lórí ọkọ̀ láàárọ̀, ó nà gbalaja, inú rẹ̀ kọjú sókè. Ní èbúté Cygnet níbí, ọmọdé tí kò tíì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún mọ̀ pé a kì í fi ìdérí ọkọ̀ lélẹ̀ báyẹn. Ẹni tó bá ṣe é, òkun ló ń pè wọlé. Kò sí ọ̀mùtí kan ní èbúté wa tí wèrè rẹ̀ dé ibẹ̀.

Mo fọwọ́ kàn án. Omi iyọ̀ ló wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbì kankan kò jà lóru.

Inú bí mi. Ẹ̀rù ìbá bà mí, àmọ́ èèyàn tí kò nílé mìíràn kò ráyè ẹ̀rù. Corella ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ọkọ̀ onígbòkun tó ti gbó, inú rẹ̀ ni mò ń sùn. Kelvin Direen tó ń bójú tó èbúté sì ti kìlọ̀ fún mi: “Àǹtí Noreen, tómi bá ṣì ń gba ihò iwájú yẹn wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, a máa fà á jáde, a máa fọ́ ọ ni. Ẹ má bínú.” Mo bínú.

Láti ọjọ́ tí ìjì gbé Lindsay àbúrò mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Bruny ni ihò yẹn kò ti ní ìdérí mọ́. Bàbá mi ní orí ọkọ̀ ni Lindsay wà, pé ìgbì kan náà ló gbé ọmọ náà àti ìdérí lọ. Títí bàbá fi kú, tapólì ló fi ń bo ihò náà. Ẹni tó bá ní ká kan ìdérí, á dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. A pè é ní ọ̀fọ̀.

Mo ju ti àárọ̀ yẹn dànù, mo tún kan òmíràn. Bí gbogbo ọkọ̀ apẹja ibí ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é: irin ìdábùú láti òkè, kí olè má baà wọlé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, irin ti tẹ̀, ìdérí tún ti dojú inú sókè.

Baba Merv, tó bá bàbá mi pẹja títí orúnkún fi kọ̀ fún un, dúró létí omi ó ń wò mí.

“Noreen, jó ọkọ̀ yìí.”

“Kí n wá máa sùn síbo? Lórí orúnkún yín?”

“Orúnkún tí kò lè gbé ológbò.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Nǹkan kan fẹ́ wọ ibẹ̀ ni.”

“Kó wá bá mi nílé nígbà náà.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo kan ẹ̀kẹta, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo ní kí Baba Merv fi irin dè é lé mi lórí. Ó kọ̀, mo bú u, ó ṣe é.

Inú ṣókùnkùn, òórùn pákó tuntun gba imú mi. Mo ń tẹ́tí sí òkè. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lókè. Ẹ̀gbẹ́ mi ni mo ti gbọ́ èémí. Ọwọ́ kan tó tutù bí ẹja gba orí ìka mi kọjá, ó ń táràrà kiri abẹ́ ìdérí, ó ń wá ibi tó máa dì mú. Kò rí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

“Dádì, ẹ ṣí i. Omi ti dé àyà mi.”

Ohùn Lindsay ni.

Mo fi ẹsẹ̀ lu ọkọ̀ títí Baba Merv fi ṣí i. Ó wo ojú mi, ó sì jókòó sílẹ̀.

“Àbúrò rẹ ń fa omi jáde nísàlẹ̀ lọ́jọ́ ìjì yẹn ni,” ó wí. “Bàbá rẹ ti ìdérí mọ́ ọn lórí kí ọkọ̀ má baà rì. Ọmọ náà ló fi èjìká já ìdérí jáde, ìgbì sì gbé e. Tí kò bá tì í, gbogbo wa là bá bómi lọ.”

“Ẹ ẹ̀ wá lè sọ fún mi.”

Ó ń sunkún. Mi ò pẹ̀tù sí i. Inú ń bí mi sí òkú, ó ń bí mi sí alààyè, ó ṣì ń bí mi dòní.

“Ṣé o ti rí i báyìí? Jó ọkọ̀ náà,” ni Baba Merv wí.

“Èmi kọ́ ni Dádì.”

Mo tú irin òkè, mo jù ú sómi. Abẹ́ ni mo kan ìdábùú tuntun sí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó wà nínú nìkan ló lè tì í tó sì lè ṣí i. Mo fẹnu sí ihò náà. “Lindsay, ilé rẹ nìyí, ilé mi sì ni. Ẹnikẹ́ni ò ní tì ẹ́ mọ́bẹ̀ mọ́. Àmọ́ wọn ò ní lé wa, o gbọ́? Fọwọ́ ara rẹ tì í.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, Kelvin gbé rọ́bà omi dé láti dán ìdérí náà wò. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo ń gbà wọlé, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mo sì sọ ìdérí kalẹ̀ lójú rẹ̀. Ó da omi lé e títí bàtà òun fúnra rẹ̀ fi mumi. Ó gbìyànjú láti gbé e sókè. Kò mira.

“Àǹtí, ta lẹ fi sínú?”

“Àbúrò mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ní kó ṣí i, kí n wò ó bóyá inú gbẹ.”

Baba Merv yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kan ìdérí kọ́kọ́kọ́. “Lindsay, àlejò dé.”

Ìdábùú fà lábẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́. Ìdérí gbéra sókè. Kelvin bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo inú. Ó gbẹ, kò sì séèyàn. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ni mo wí. “Tẹ́ ẹ bá ti wò ó tán, ẹ sọ, kó lè tì í padà.”