Bọ́tìnì Tó Ń Tàn Lójú Bàbá Sùlàímọ́nù

Kọ́, kọ́... kọ́. Irin lórí òkúta. Ìró yẹn ló máa ń jí mi ní àdúgbò Pissy kí oòrùn tó yọ, nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Àwọn tó ń fọ́ òkúta nínú kòtò ńlá tó wà níbẹ̀ pọ̀ lọ bí eèrà, ṣùgbọ́n mo mọ òòlù Awa, aládùúgbò wa, yàtọ̀. Á lù ú lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi, á wá lu ẹ̀kẹta bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo ti mọ̀ pé ó tó àkókò kí n gun alùpùpù mi lọ síbi iṣẹ́ ní Paspanga.

Ọdún 1995 ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ni mo wà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ni mo ń ṣe níbẹ̀. Èmi ni mo ń tò ó: ta ni yóò lè tẹ bọ́tìnì wo lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí mo bá fi àmì síwájú orúkọ ènìyàn, bọ́tìnì á tàn, á sì ṣiṣẹ́ fún un. Bí n kò bá fi àmì sí i, á ṣú bí eérú. Tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn.

Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ *Libérer* sí lára. Òun ló ń tú oògùn sílẹ̀ láti jáde nínú ilé ìkẹ́rù. Patron wa, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Monsieur Raymond, ní Honorine nìkan ni kí n ṣí i fún, torí òun ló kọ́ṣẹ́ oògùn. Ọmọ ìlú Pobè ni, kò ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ó sì ń dá tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré.

Bàbá Sùlàímọ́nù ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù. Òun ló gba bàbá mi sílé nígbà tí wọ́n ti ìlú Savè dé, òun náà ló wá iṣẹ́ yìí fún mi. Lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, bọ́tìnì náà ṣú. Láràárọ̀ ni Idrissa awakọ̀ máa ń bi í bóyá ó ti gbàyè lọ́wọ́ Honorine ọmọdé kí ó tó yọ ẹsẹ̀ síta. Gbogbo bureau á rẹ́rìn-ín.

Honorine máa ń pẹ̀tù sí i. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ lòwe o. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tútù ń bẹ lọ́wọ́ yín, bọ́tìnì ń bẹ lọ́wọ́ mi. D'accord?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí wọ ilé ìkẹ́rù.

"Nourou, ọmọ tí mo lè bí ni bọ́tìnì ń tàn fún. Tèmi kú. Ṣé ojú rẹ ni wọn ó ṣe máa fi mí ṣẹ̀sín báyìí?"

"Bàbá, patron ló ní..."

"N ò ní tẹ̀ ẹ́. Kó ṣáà máa tàn lójú mi ni mo fẹ́."

Báwo ni èmi tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi ṣe máa sọ pé rárá fún un? Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni patron ń yẹ orúkọ àti àmì wò, n kò sì lè fi àmì síwájú orúkọ Bàbá. Mo wá dọ́gbọ́n: mo tò ó kí kọ̀ǹpútà Bàbá máa fi orúkọ Honorine wọlé. Bọ́tìnì tàn. Bàbá ṣàdúrà fún mi títí mo fi dọ̀bálẹ̀. Idrissa kò fi í ṣẹ̀sín mọ́.

Nínú ooru oṣù kẹrin, iná lọ fún ọjọ́ méjì gbáko, yàrá tútù tí a ń kó abẹ́rẹ́ sí sì gbóná. Honorine ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tó wà fún àrùn tó ń di ẹnu ènìyàn pa. Ó ti bàjẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀sán yẹn ni nọ́ọ̀sì kan láti Pissy wá ń bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́ náà. Òkúta ti gé obìnrin kan lẹ́sẹ̀. Iná ti dé nígbà náà. Bàbá fọwọ́ kan ìgò, ó ní ó ti tutù padà. Ó tẹ bọ́tìnì.

Awa ni obìnrin náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹnu rẹ̀ dì. Lọ́jọ́ kejìlá, ó kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo dúró de ìlù kẹta yẹn. Gbogbo òòlù ń dún. Tirẹ̀ kò dún.

Patron pè wá jọ sábẹ́ àwòrán Ààrẹ, èyí tó ti wà lára ògiri gbogbo láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹni ńlá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Orúkọ Honorine ló wà lórí ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, pé òun ló tú abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun kò sí níbẹ̀. Patron ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Nourou, ṣé ẹlòmíì lè fi orúkọ rẹ̀ wọlé?"

Bàbá Sùlàímọ́nù ń wo ilẹ̀. Honorine ń wo èmi. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó rò pé mo máa gba òun sílẹ̀ ni.

"Rárá, patron."

Oṣù mẹ́ta ni Honorine lò lẹ́wọ̀n. Kò sí ilé oògùn tó gbà á mọ́. Ó padà sí Pobè, ó ń ta gàrí, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní apànìyàn títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Bàbá Sùlàímọ́nù ti kú ṣáájú rẹ̀. Èmi nìkan ló kù, ní Libreville níbí, pẹ̀lú ewú orí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà mí, ọ̀wọ̀ tí a bá fi irọ́ bù fún àgbà kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹlòmíì ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ sọ pé rárá nígbà tó bá yẹ, kí ẹ sì sọ òtítọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi yín. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òwe náà kò sọ ẹni tí yóò ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà.

Lánàá, mo rí nọ́ńbà ọmọ Honorine gbà. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i nìyí:

"Samiratou, èmi ni Nourou tó bá màmá rẹ ṣiṣẹ́ ní Paspanga. Kì í ṣe òun ló tú oògùn náà sílẹ̀. Èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Wọ́n bi mí, mo sì purọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni màmá rẹ wà lọ́jọ́ náà. Ìwọ ló pọ̀n sẹ́yìn."