Òṣùwọ̀n Àròkàn

“Ìbéèrè kẹrin nìyí,” Ànú wí, ó sì gbójú sókè láti rí i pé Lateefah ń gbọ́. “Ṣé ohun tó ti kọjá máa ń padà wá sí ọkàn rẹ, tí wàá máa rò ó ní àrotúnrò, tí kò ní kúrò níbẹ̀ bí o tilẹ̀ fẹ́ kó kúrò? Ṣé rárá ni, àbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àbí lọ́pọ̀ ìgbà, àbí nígbà gbogbo?”

Abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé ni wọ́n jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kàdúná ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè tán ní ibùdó Idu ní Àbújá ni.

“Ìgbà gbogbo ni,” Lateefah dáhùn.

“Háà! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!” Ànú fọwọ́ gbá a nítan. “Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ ìgbà gbogbo. Ìwọ, odidi ọmọ Alhaji Sùlàímọ́nù! Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ o, ọ̀rẹ́ mi.”

Lateefah fẹ́ sọ nǹkan, ó tún gbé e mì. “Kọ èyí tó bá wù ọ́ síbẹ̀.”

Ànú fa ìlà sábẹ́ ‘rárá’. Ó bọ́ sí ìbéèrè karùn-ún, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti gba ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́ ẹnu ara rẹ̀.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ọmọ dáadáa ni Ànú Adébíyì. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n bí i sí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló ń ṣe. Nílé wọn ní Apo, kò sí ẹni tó lè ní orí ń fọ́ òun kí màmá rẹ̀ má sọ pé, “Kò fọ́ o, ó ti lọ.” Bí ibà bá dá ẹnìkan wólẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pè lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà rẹ̀, èsì màmá Ànú ni pé, “Ara rẹ̀ le koko, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.” Nílé Lateefah náà, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà Wúsè, kì í dáhùn ìbéèrè kankan kó má kọ́kọ́ sọ pé, “Alhamdulillah,” ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí olè kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, àṣà wọn jẹ́ ọ̀kan: a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi.

Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Ànú lọ́wọ́ kò bá a mu.

Ọ̀mọ̀wé Babalọlá ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Obìnrin yìí ló ń kọ́ wọn nípa ọkàn àti ìwà ọmọ ènìyàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fi ìbéèrè kan náà wọn àròkàn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Hausa àti Yorùbá. Àwọn tó ń wá ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kan á máa yí po lọ́kàn wọn, bí ẹni tó sọ nǹkan nù tó ń yí ilé po. Ó yan Ànú fún Yorùbá nítorí pé Ànú gbọ́ èdè náà, ó sì lè kà á dáadáa. Saeed, ọmọ Hausa kan tó gbé Ìlọrin dàgbà, ló yàn fún Hausa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ló jẹ́ pé wọ́n á gbọ́ èdè wọn tán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí wọ́n kà á, àmì orí ọ̀rọ̀ á rú wọn lójú. Nítorí náà, ńṣe ni Ànú ní láti ka ìbéèrè náà sí wọn létí.

“Ìbéèrè yìí ni múdù wa,” Ọ̀mọ̀wé Babalọlá sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. “Ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe sí múdù lọ́jà, tí wọ́n ń tẹ ìdí rẹ̀ wọnú kí ìrẹsì má baà pé. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀. Ẹ kà á, ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́. Ẹni tí àròkàn rẹ̀ bá pọ̀ jù, a máa pè é ní ìkọ̀kọ̀ ká lè ràn án lọ́wọ́ kí ìdánwò tó dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wa.”

“A ti gbọ́, mà,” Ànú àti Saeed dáhùn.

Wọ́n gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ gbígbọ́ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú Ànú ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní, “A dúpẹ́.” Wọ́n á ní, “Kò burú.” Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá sì fẹ́ sọ òótọ́ inú wọn, Ànú á ti ṣàdúrà lé wọn lórí kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, á sì kọ àdúrà náà sílẹ̀ bí èsì.

Nígbà tí wọ́n kó gbogbo èsì jọ, àwọn ọmọ Hausa ní àròkàn, àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn náà ní i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá kò ní ohunkóhun tó ń dà wọ́n láàmú láyé.

“Kai!” Saeed pariwo. “Ṣé ìdánwò kan náà la jọ fẹ́ ṣe ni? Ẹ fún wa nínú oògùn yín o.”

“Ìgbàgbọ́ ni oògùn ẹ̀,” Ànú dáhùn, ó ń yangàn.

Ọ̀mọ̀wé Babalọlá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ àwọn ìwé náà wò lọ, ó yẹ̀ wọ́n wò bọ̀. “Ànú, ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an lo ṣe kọ ọ́?”

Bí Ànú bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá tún ìbéèrè náà bi wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Saeed ń wò ó. Ọ̀mọ̀wé sì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa jù ni yóò dúró ṣàlàyé níwájú àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti àwọn ilé-ìwé mìíràn. Ànú ti ń ro aṣọ tí òun yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ó wí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n pe ọmọkùnrin kan tí Saeed bi ní ìbéèrè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún rí i lórí pápá, tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe Lateefah. Lateefah sì ń dúró de ìpè náà. Ó ń mú fóònù rẹ̀ dání lọ jẹun, ó ń mú un dání lọ pọnmi. Nígbà tó yá, kò lọ jẹun mọ́. Ànú rí i pé ọ̀rẹ́ òun ń rù. Ohun tó sọ fún un ni pé, “O máa yege lórúkọ Jésù.” Ó wá rántí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, ó ní, “Inshallah.”

Ìdánwò ku ọ̀la nígbà tí Balkis, tí òun àti Lateefah jọ ń gbé yàrá, wá bá Ànú ní yàrá ìkàwé.

“Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ẹ ti kó ẹrù? Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti wọkọ̀ lọ sí Jabi.”

“Ìdánwò ńkọ́?”

“Ó ní òun ò ṣe mọ́.”

Ànú fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sáré jáde lọ wá ọkọ̀. Nígbà tó dé gáréèjì Jabi, ó ń yọjú wo fèrèsé ọkọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn agbèrò ń fà á lápá, ọ̀kan ní Lọ́kọ́ja ló ń lọ, òmíràn ní Kánò ni. Inú bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti rí Lateefah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọkọ̀ náà ti kún.

“Lateefah, jọ̀ọ́, sọ̀ kalẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Lateefah yíjú sí i. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. “Mo sọ fún ọ.”

“Nígbà wo?” Ànú béèrè.

“O bi mí, mo dá ọ lóhùn. Mo ní ìgbà gbogbo ni. Ṣé o rántí ìgbà tí mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Apo, tí olùbẹ̀wò wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì? Ọ̀rọ̀ há mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rín in. Ọkùnrin náà dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó bá mi parí ẹ̀kọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ṣí ìwé, ẹ̀rín yẹn ni mò ń gbọ́. Bí mo bá ń kírun, ṣọ́ọ̀kì yẹn ni mò ń rí. Mi ò lè sọ ọ́ nílé, wọ́n á ní kí n máa dúpẹ́. Nígbà tí o ka ìbéèrè yẹn sí mi létí, mo ní ẹnìkan ti fẹ́ gbọ́ nìyí. Mo wá ń retí kí wọ́n pè mí. Nígbà tí wọn ò pè mí, mo ní bóyá tèmi ò tó nǹkan lójú wọn.”

Ànú ti la ẹnu láti ṣàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò jáde. Agbèrò lu ara ọkọ̀, ọkọ̀ gbéra. Ojú ti Ànú débi pé kò lè juwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá. Ní gáréèjì Jabi lọ́jọ́ náà, ẹni tó béèrè ló dúró tó ń sunkún.

Kò padà sí yàrá ìkàwé. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀, nítorí Lateefah kì í ṣe ẹni tó ń fẹjọ́ sùn. Ó sì mọ ohun tí òun máa pàdánù bí òun bá sọ̀rọ̀. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀mọ̀wé Babalọlá, ó sì ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kan pamọ́.

“Mo rò pé oore ni mò ń ṣe, mà,” ó ní. “Mi ò fẹ́ kọ ibi sára ẹnikẹ́ni.”

“Oore fún ta ni?”

Ọ̀mọ̀wé fa ìwé èsì náà jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

“Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ yẹn ò dákẹ́, Ànú. Ó sọ̀rọ̀, o fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀. Ìwọ lo tẹ ìdí múdù wọnú.” Kò pariwo mọ́ ọn, ìyẹn ló sì dun Ànú jù. Ọ̀mọ̀wé na ọwọ́ mú fóònù rẹ̀. “Fún mi ní nọ́ńbà bàbá rẹ̀.”

Alhaji Sùlàímọ́nù pe ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀, màmá àgbà náà sì lọ dúró de ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ìdíkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Alhaji ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wakọ̀ lọ bá wọn. Ọ̀mọ̀wé Babalọlá ti kìlọ̀ fún un pé kó má gba Lateefah níyànjú, kó má ṣàdúrà, kó jókòó kó gbọ́ ná. Ó ṣòro fún un, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì gbọ́. Wọ́n wá dókítà tó ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Lateefah, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdánwò kò dúró dè é. Lateefah pàdánù gbogbo rẹ̀, ó sì ní láti tún ọdún náà kà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú. Wọ́n da gbogbo èsì Yorùbá nù. Ọ̀mọ̀wé yọ Ànú kúrò nínú iṣẹ́ náà, ó gbé e fún ẹlòmíràn tó mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ẹni náà tún ìbéèrè bi wọ́n, ó hàn gbangba pé àròkàn àwọn ọmọ Yorùbá kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Saeed ló dúró níwájú àwọn àlejò. Ànú jókòó sẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, Ànú bá Lateefah lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ dóńgóyárò. Ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù, Lateefah sì ti dárí jì í, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fojú kan ara wọn. Ó jókòó tì í, bẹ́ǹṣì náà sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìṣe rẹ̀.

“Báwo ni?” Ànú béèrè.

“Alhamdulillah.”

‘A dúpẹ́ o’ ti dé ẹnu Ànú. Ó pa ẹnu mọ́. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lọ́nà Idu, ó kọjá lọ. Ànú ṣì ń dúró.

“Kò tíì tán,” Lateefah sọ nígbà tó yá. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ni.”

“Mo gbọ́,” Ànú wí. “Sọ fún mi.”

Lateefah sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Àdúrà dára, ọ̀rọ̀ rere sì yẹ ẹnu ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, bí o bá bi ọmọnìkejì rẹ pé báwo ni, má bá a dáhùn. Jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Àmín kò ní bínú bó bá gbẹ̀yìn dé.