Ẹní Ìkírun Màmá

"Má wulẹ̀ tẹ́ ẹní, ọmọ mi. Mi ò kírun lónìí."

Ó ya Ummulkhair lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìfọ̀, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, Màmá kì í pa ìrun jẹ.

"Ṣé ara yín ò yá ni, Màmá?"

Màmá rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Nǹkan oṣù ló tún padà wá. Ìwọ náà mọ̀ pé obìnrin kì í kírun nírú àsìkò yẹn. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, títí kan ìyá rẹ."

Ummulkhair ṣèlérí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ta ló gbọ́ nǹkan oṣù lára arúgbó tí eyín ti ń ká lẹ́nu rẹ̀? Ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá Màmá ra ìpara nítorí pé ojú ara ń yún un. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Màmá á bínú. Bí kò bá sọ ńkọ́? Nígbà tí Jímọ̀ dé, tí ẹní ṣì wà ní kíká, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń gbowó ìpè fóònù, ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàfò.

"Ọmọ tí mo fọkàn tán ló tú aṣọ lára mi," ni Màmá wí nígbà tí ìyá Ummulkhair dé láti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò bá Ummulkhair sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta.

Dókítà obìnrin kan gé ẹran ara bíńtín níbi tó ń yún Màmá, ó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó jókòó ti Màmá.

"Màmá, kì í ṣe nǹkan oṣù. Jẹjẹrẹ awọ ojú ara ni. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń jọ ara yíyún lásán, ìdí nìyẹn tí ìpara ò fi ràn án. Inú awọ ló ṣì wà, kò tíì wọnú ẹran. A ó gé e kúrò."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ egbò ni, nígbà náà? Ṣé mo lè máa kírun?"

"Ẹ lè kírun, Màmá, ẹ̀jẹ̀ egbò kì í dí ìrun lọ́wọ́," ni ìyá Ummulkhair dáhùn. Omi bọ́ lójú arúgbó náà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n padà sílé, Màmá pe Ummulkhair, ó sì fà á mọ́ra.

"Mo bínú sí ọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìwọ lo gbà mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àṣírí tó bá fẹ́ pa èèyàn, kì í ṣe ohun à ń bò. Ó yá, bá mi tẹ́ ẹní."

Ummulkhair tẹ́ ẹ.