Ohun Mímọ́ Inú Aṣọ Ìnujú

"Ẹnikẹ́ni kò ní jáde," ni Sista Ansila wí, ó sì ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì náà. "Ẹnìkan gba Ara Olúwa ní Mísà àárọ̀ yìí, kò jẹ ẹ́. Mo rí ọwọ́ tó wọ àpò. N kò rí ojú. Ẹ̀yin ọmọ Híńdù, ẹ dìde."

Mẹ́rin ló dìde. Vasudha wà lára wọn, ó fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ mọ́ra.

Lavita, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Kátólíìkì, ló tì í sí i nígbà Mísà. "Ṣé ìwọ nìkan lo máa jókòó bí àlejò ni? Dìde jàre, Vasu! Tẹ́ ọwọ́, wí pé 'Àmín', ó parí!" Vasudha tẹ́ ọwọ́ bí ó ti máa ń tẹ́ ẹ ní tẹ́ḿpìlì. Ṣùgbọ́n nílé tiwọn, a kì í dá jẹ ohun tó ti iwájú Ọlọ́run wá. Ti àgbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àìsàn sì ti dá Àjì, ìyá bàbá rẹ̀, dùbúlẹ̀ láti oṣù méjì. Nítorí náà, ó di búrẹ́dì mímọ́ náà sínú aṣọ ìnujú.

"Yéè! O ò jẹ ẹ́?" Lavita lanu nígbà tí ó rí i lẹ́yìn Mísà. "A kì í gbé e jáde! Wọ́n á lé ẹ, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì!"

Bí ẹsẹ̀ Vasudha ṣe kó sí pàkúté nìyẹn. Kò lè jẹ ẹ́, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi kì í jẹ ẹ́. Kò lè sọ ọ́ nù, nítorí a kì í sọ ohun mímọ́ nù. Kò sì sí bí yóò ṣe dá a padà láìjẹ́wọ́.

Nínú gbọ̀ngàn, Sista nàka sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà: "Sumana, ìwọ ni mo fura sí."

"Sista, mo fi ìyá mi búra!" Sumana bú sẹ́kún. Ilẹ̀ ni Lavita ń wò.

Vasudha bọ́ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, Sista, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni." Ó ṣí aṣọ náà lórí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. "Àjì ni mo fẹ́ mú un lọ fún. Ara rẹ̀ kò yá."

Sista kúnlẹ̀ gbà á. Ó ní: "O kò tàbùkù sí i. Ṣùgbọ́n o dákẹ́ títí ẹkún fi gba ojú ẹlòmíràn." Ó yíjú sí Sumana. "Èmi náà jẹ̀bi. Ẹ̀sùn ni mo kọ́kọ́ fi kàn yín, n kò béèrè."

Wọ́n dá Vasudha dúró nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ó pàdánù àtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, Sista fi ohun náà sínú omi gẹ́gẹ́ bí àṣà Ìjọ, nígbà tí ó yọ́, ó dà á sí ìdí òdòdó. Ẹnu ya Vasudha: ìdí igi ni Àjì pẹ̀lú máa ń kó òdòdó ìjọsìn tó bá rọ sí.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí kò bá sì béèrè, kí ó tètè jẹ́wọ́, kí àìmọ̀ tirẹ̀ má di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn aláìmọwọ́mẹsẹ̀.