Àtàǹpàkò Lára Táǹkì

Ẹ lè pè é ní àlá bí ẹ bá fẹ́. Èmi ò sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò mu nǹkan kan ju tíì lọ, ẹni tá a jọ rí i sì wà láàyè, ẹ lè bi í. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá ṣe sọ ọ́. Mi ò ní fi iyọ̀ sí i.

Kumaravel lorúkọ mi. Irin ni mo ń gbẹ́ ní Coimbatore láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tí ì hù. Thenmozhi ló ni ilé iṣẹ́ wa. Ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n òun ló kàwé ẹnjiníà, òun ló ń ya ohun tí à ń ṣe sórí ìwé. Fáàfù là ń ṣe. Lọ́dún náà, fáàfù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wa lórí.

Poongodi, ìyàwó mi, ń ṣiṣẹ́ nílé aláró kan ní Tiruppur. Tó bá délé, àwọn ìka rẹ̀ máa ń jẹ́ búlúù. Ọṣẹ ò ràn wọ́n. Táǹkì tí wọ́n ti ń se omi di ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń dúró sí. Fáàfù tó yẹ kó máa tú ooru dànù kí táǹkì má bàa bẹ́ ti gbó, ó ń jò tọ̀sán-tòru. Ọ̀gá wọn bínú, ó fi wáyà dè é pa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó dè é pa. Bí ooru bá pọ̀ jù, kò níbi tó máa gbà jáde.

"Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," mo sọ fún un.

"Kí n wá máa jẹ kí ni? Afẹ́fẹ́?" Ó ń to irun rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ṣe fáàfù tuntun fún wọn, Bàbá Kayal. Àbí iṣẹ́ yín kọ́?"

Ọ̀gá náà gbà. Bí tiwa ò bá jò, yóò gbé e sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ayudha Puja, ọdún irinṣẹ́ wa, nígbà tí wọ́n bá tún dáná. Bí kò bá tíì ṣetán, wáyà yóò wà níbẹ̀, iná yóò sì jó.

Fáàfù tí kì í jò, tó sì ń ṣí nígbà tó bá yẹ, méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìyá àti ọmọ là ń pè wọ́n. Ooru táǹkì fúnra rẹ̀ ló ń tẹ ìyá mọ́lẹ̀ láti òkè, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jò. Ọmọ ló ń ṣọ́nà. Bí ooru bá kọjá ààlà, ọmọ á tú èyí tó wà lórí ìyá dànù, ìyá á sì dìde. Ó rọrùn lẹ́nu. Tiwa ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí eyín ẹni tí ibà ń ṣe. Bá a bá fi sílẹ̀ díẹ̀ sí i, á fọ́ ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Thenmozhi wá ìtọ́nà títí ojú rẹ̀ fi wọnú. Ó ra ìwé òfin fáàfù. Ìwé sọ bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ó sọ bá a ṣe máa dán an wò, kò sọ ohun tó ń mú un gbọ̀n. Ó wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fi dúdú bo ibi tá a fẹ́ rí. Ó kọ̀wé sáwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ọ̀kan dá a lóhùn, wọ́n ní kó wá ra tiwọn. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní, "Ọmọ mi, ohun táwọn èèyàn fi ń jẹun nìyẹn, wọn ò ní sọ fún ẹ." Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo tá à ń wá ni kò sí níbẹ̀.

Báyìí ni Ayudha Puja ṣe ká wa mọ́. Ọjọ́ yẹn ni irinṣẹ́ ń sinmi. A wẹ gbogbo ẹ̀rọ, a fi òdòdó kọ́ wọn lọ́rùn, a fi àtàǹpàkò tẹ ìpara igi olóòórùn àti àtíkè pupa sí wọn lára, títí kan òòlù. A fọ́ elégédé lẹ́nu ọ̀nà láti lé ibi sẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé sípánà. Àwọn yòókù gba gúgúrú ìrẹsì tiwọn, wọ́n lọ ilé. Ó ku èmi àti Thenmozhi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Lónìí kẹ̀? O ò rí òdòdó lọ́rùn ẹ̀ ni?"

"Ọ̀la ni wọ́n ń dáná. Ìyàwó yín ló ń dúró síbẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni.

"Mi ò ní fọwọ́ kan sípánà," mo ní. "Bí mo bá ba tòní jẹ́, ta ni màá bẹ̀ nítorí ìyàwó mi lọ́la?"

Ó jókòó sórí àpótí kan, ó bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Mo dúró tì í. Ó ṣe mí bíi kí n bá a sunkún.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nílé irin rí ò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Oòrùn ń wọlé látojú fèrèsé. Kò sí ẹ̀rọ tó ń kùn. Fáànù pàápàá wà ní pípa. Mo ń gbọ́ bí ìpara ṣe ń gbẹ lára irin, tó ń sán pẹ́pẹ́.

Fùú.

Thenmozhi gbórí sókè. "Ẹ gbọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́."

Ọ̀dọ̀ fáàfù wa ló ti wá, lórí táǹkì tá a fi ń dán nǹkan wò. Ẹ̀rọ tó ń fún táǹkì náà ní afẹ́fẹ́ wà ní pípa. Àwa fúnra wa la tú u sófo ká tó wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ aago tó ń wọn agbára inú rẹ̀ sùn sórí òdo.

Fùú.

Ìyá dìde. Ojú wa ló ṣe. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó dúró lókè, ó sì padà jókòó. Kò gbọ̀n rárá. Òdòdó ọrùn rẹ̀ ń mì.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló ń gbé e?"

"Má bi mí."

Ẹ̀rù bà mí. Ìgbà náà ni mo gbóòórùn aró. Kò sí aró nílé iṣẹ́ wa. Òórùn tó máa ń bá ìyàwó mi wọlé lálaalẹ́ ni.

Thenmozhi nawọ́ sí ikùn táǹkì, níbi tó jìnnà sí fáàfù. "Ta ló tẹ èyí?"

Ihò kan wà níbẹ̀ tá a ti fi irin dí láti ọjọ́ tó pẹ́. Orí irin náà ni wọ́n tẹ ìpara sí. Èmi ni mo tẹ ti táǹkì láàárọ̀, iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Tèmi ti gbẹ, ó ti sán. Èyí ṣì tutù. Àmì àtàǹpàkò ni, etí rẹ̀ búlúù. Ilà kan sì là á láàárín gọọrọ, bí ojú àpá.

Mo fa fóònù yọ.

"Ìyá Kayal, níbo lo wà?"

"Níbo ni mo tún máa wà? Mo wà níbi iṣẹ́, à ń pín gúgúrú ìrẹsì. Kí ló dé tóhùn yín ń gbọ̀n?"

"Kò sí nǹkan."

"Ẹ lọ jẹun jàre. Ebi ló ń pa yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Mi ò gbé sípánà. Ìka ni mo fi kan irin náà, mi ò tilẹ̀ mọ ìdí tí mo fi kàn án. Irin tá a fi sípánà gígùn dè láyé ọjọ́un yí lọ́wọ́ mi bí ìdérí ìgò. Thenmozhi wo ihò náà. Ó wo fáàfù. Ó tún wo ihò. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Bọ̀ọ̀dá! Abẹ́ ìyá gan-an ni ọmọ ti ń mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Bí ìyá bá ṣí, gbogbo ooru á rọ́ gbabẹ̀, agbára tibẹ̀ á wá lọ sílẹ̀. Ọmọ á rò pé ó ti tán, á ní kí ìyá pa dé. Bẹ́ẹ̀, táǹkì ṣì kún fọ́fọ́!"

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ká fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ láti ikùn táǹkì lọ bá ọmọ. Kó yé gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ọ̀nà. Kó máa gbọ́ ọ láti inú ilé."

Mo fi áńkáṣíìfù wé irin náà, mo kó o sápò. Lálẹ́, mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú, mo yẹ àtàǹpàkò rẹ̀ wò. Ó ń dán. Kò ní ilà kankan ju èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn.

"Kí lẹ ń wá lọ́wọ́ mi?"

"Aró ni mò ń wò."

Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni yòówù tó wá, kì í ṣe òun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbàdúrà, a gbé sípánà, a ṣe é bí Thenmozhi ṣe wí. Fáàfù dìde bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ìjókòó, ó sì padà jókòó. Kí wọ́n tó dáná ní Tiruppur, a ti gbé e sórí táǹkì wọn, a fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wá láti ikùn rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gé wáyà yẹn. Mo jù ú sí gọ́tà.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí aago táǹkì wọn kú. Iná ń jó lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Fáàfù wa ló mọ̀. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ dé títì, ó bú ramúramù, kò sì gbọ̀n. Gbogbo èèyàn sá jáde láàyè. Nígbà tí mo débẹ̀, Poongodi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu tíì, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Irin gbígbóná ló dì mú nígbà tó ń sáré.

"Fáàfù yín láriwo bíi tìyá yín," ó ní.

Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Ojú ò tì mí.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, àtàǹpàkò ló jóná. Ó ti jinná, ó sì fi ojú àpá kan sílẹ̀, gọọrọ, láàárín. Mo lọ gbé irin yẹn sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mo gbé e sí lẹ́bàá àwọn òrìṣà nílé. Mo nà án sí Poongodi. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ìpara gbígbẹ náà. Ilà bọ́ sínú ilà. Ó yára yọ ọwọ́.

"Ìgbà wo ni mo ṣe èyí?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. A dá irin náà padà sẹ́bàá àwọn òrìṣà, a ò sì sọ ọ́ mọ́.

Ayudha Puja tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. A ti tẹ ìpara sí gbogbo ẹ̀rọ, a ti fọ́ elégédé. Ilé iṣẹ́ dákẹ́. Fóònù mi dún.

"Bàbá Kayal." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé ẹ wà níbi iṣẹ́?"

"Mo wà níbẹ̀. Kí ló dé?"

"Mo tẹ ìpara sí táǹkì wa nísinsìnyí. Ojú mi kàn ṣókùnkùn díẹ̀. Àfi bíi pé mo dúró lọ́dọ̀ yín. Mo rí yín, ẹ̀ ń gbọ̀n. Thenmozhi jókòó sórí àpótí." Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Kí lẹ fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ tó fi ń sunkún báyẹn?"

Mo yíjú wo Thenmozhi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pín gúgúrú ìrẹsì fáwọn ọmọ iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Èṣí ló sunkún lórí àpótí yẹn.