Púlì Kejìlá

Òkú Ọ̀gá Òkè, tó ni bàálù tó sì ń wà á, ṣì jókòó lórí àga rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọ̀pá ìdarí bàálù mú, bí ẹni tó ń fa màlúù jáde nínú ẹrẹ̀. Bàálù kékeré náà, tó dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ, ti fi imú gún pápá.

Bàbá Sùúrù, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Sùúrù nítorí pé kò ní in rárá, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe apárí ní onírun.

"Ó ń fà á títí ó fi kú," ó wí. "Kí ló dé tí bàálù ò gbọ́?"

Wọ́n ṣí abẹ́ àga. Wáyà tó so ọ̀pá ìdarí mọ́ ìrù bàálù gba orí púlì kan, kẹ̀kẹ́ kékeré tí wáyà ń sáré lórí rẹ̀, kọjá níbẹ̀. Púlì náà ti fọ́ sí méjì, wáyà sì ti há sáàárín rẹ̀. Púlì mọ́kànlá ló kù nínú bàálù náà, tuntun sì ni gbogbo wọn, wọ́n ń dán gbinrin. Eléyìí nìkan ló ti gbó.

Kò pé wákàtí méjì tí wọ́n fi ti Súpánà mọ́lé. Òun ni mẹkáníìkì tó gba iṣẹ́ pé kí ó yọ gbogbo púlì àtijọ́ inú bàálù náà, kí ó fi tuntun tó ní béárìn, tí kì í há, rọ́pò wọn. Ó ti buwọ́ lùwé pé méjìlá pé. Ẹni tó pààrọ̀ mọ́kànlá tó buwọ́ lu méjìlá, tí èèyàn sì kú sí i, ẹ̀wọ̀n ni ilé rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sáré dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi kì í gbàgbé nǹkan. Ṣíbí gan-an, kíkà ló ń kà á lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ẹ bá rán an lọ sẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló máa kú sí. Òun nìkan ni mo ní."

"Ẹkún ò lè tú púlì," Bàbá Sùúrù dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ó wọlé lọ bá Súpánà.

"Mélòó lẹ yọ?"

"Méjìlá sà. Tí mo bá ti yọ ògbólógbòó kan, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń fa ọ̀dà pupa sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì dá a padà. Ó ti kú nìyẹn. Màá fi kọ́ ìṣó lára ògiri, màá wá kọ ìnagijẹ rẹ̀ sí bébà lábẹ́ ìṣó."

"Púlì ní ìnagijẹ?"

"Iṣẹ́ yẹn máa ń súni, sà. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Ẹlẹ́kún, torí ó máa ń ké. Ti abẹ́ àga yìí, òun ni mo yọ kẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Láti àárọ̀ ni bóòtù rẹ̀ ti ń bá mi jìjàkadì. Mo bá sọ ọ́ ní Olóríkunkun."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi àti ariwo mi."

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ní òun fi ọwọ́ yí méjèèjìlá wò, tuntun ni gbogbo wọn. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí bàálù wà, ó lọ buwọ́ lùwé ní ọ́fíìsì. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló lò. Ọ̀gá Òkè kò sí nítòsí. Ọ̀sán ló dé, tó sì gbé bàálù gbéra. Súpánà àti Ọ̀gá Òkè nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́.

Láti ọ̀sán Sátidé náà ni àwọn ọlọ́pàá ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọn kò jẹ́ kí eṣinṣin wọ ibẹ̀. Bàbá Sùúrù lọ ṣí i. Àgádágodo kò ní àpá kankan. Púlì mọ́kànlá kọ́ ara ògiri, girisi bò wọ́n, ọ̀dà pupa wà lára wọn. Ìṣó kejìlá ṣófo. Bébà abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ "Olóríkunkun" sí.

Ó mú púlì tó fọ́ náà sún mọ́ fèrèsé. Ó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò ní girisi, kò sì ní ọ̀dà lójú, ṣùgbọ́n ó ń rùn tínà, omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà. Ó wo inú ihò tí bóòtù ń gbà kọjá. Ọ̀dà pupa tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, níbi tí ẹni tó nù ún kò ti ọwọ́ bọ̀. Ayùn sì ti kọ́kọ́ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó fọ́. Wọ́n ti yọ púlì yìí rí, ẹnì kan ló dá a padà. Súpánà kò purọ́.

Àbúrò olóògbé ló kọ́kọ́ lọ bá. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń jà lórí bàálù yẹn.

"Mo fẹ́ kó tà á, mi ò fẹ́ kó kú!" ọkùnrin náà pariwo. "Àárọ̀ Sátidé, èmi àti Súpánà la jọ wà ní ọ́fíìsì. Ẹ bi àwọn akọ̀wé. Èmi tí mi ò mọ bóòtù yàtọ̀ sí bọ́tìnnì!"

Àwọn akọ̀wé jẹ́rìí sí i.

"Ta ló tún máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn?"

"Ìyá Aláṣọ, tó ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìyẹ́ bàálù. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni mẹkáníìkì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi yẹn kí Súpánà tó gbà á. Àgádágodo ìgbà ayé ọkọ rẹ̀ ló ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Inú yàrá Ìyá Aláṣọ ń rùn tínà. Ó tẹ́ aṣọ ìyẹ́ sórí itan, ó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán etí rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣeun, ọmọ mi. Jókòó síbi tí abẹ́rẹ́ ò sí."

"Ìgbà wo lẹ dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ lẹ aṣọ ìyẹ́ òsì. Mi ò débẹ̀ mọ́."

"Púlì àtijọ́ kan ló pa Ọ̀gá Òkè."

"Mo gbọ́. Súpánà náà nìyẹn, ariwo ju iṣẹ́ lọ. Ẹ bi í bó ṣe gbàgbé Olóríkunkun sábẹ́ àga."

Bàbá Sùúrù sún àga mọ́ ọn.

"Màmá, ta ní ń jẹ́ Olóríkunkun?"

Abẹ́rẹ́ dúró. "Púlì yẹn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò tíì lórúkọ. Ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí àlejò níbẹ̀. Láti ọ̀sán Sátidé, ọwọ́ wa ni ṣọ́ọ̀bù wà. Ẹni tó bá mọ orúkọ yẹn, ó ka bébà abẹ́ ìṣó láàárọ̀ Sátidé."

Ìyá náà wò ó, ó wò ó. Ó fa agolo òwú rẹ̀ sún mọ́ra, ó ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan wà níbẹ̀, púlì tuntun kan sì wà láàárín òwú, ó ń dán.

"Mú mi lọ sọ́dọ̀ Súpánà," ó wí. "Iwájú rẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n mú Súpánà jáde. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó gbé báàgì aṣọ rẹ̀ dání. Ìyá Aláṣọ kò jókòó.

"Èmi ni. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ mi ni mo fi wọlé. Mo yọ tuntun, mo fi ayùn gé ògbólógbòó, mo fi tínà nù ún, mo dá a padà. Ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Òkè ni mo fẹ́ kó kú. Ìwọ Súpánà, mo fẹ́ kí o yè, kí wọ́n máa pè ọ́ ní apànìyàn títí wàá fi kú, bí ẹ ṣe ṣe é fún ọkọ mi."

"Kí ni wọ́n ṣe fún un?" Bàbá Sùúrù béèrè.

"Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọkọ mi bẹ Òkè pé kó má fò, pé àwọn púlì wọ̀nyí ti gbó, kó jẹ́ kí òun pààrọ̀ wọn. Ó fò. Bàálù náà já lulẹ̀, ẹni tó gbé sẹ́yìn kú; wọ́n tún ara bàálù ṣe, wọ́n fi púlì sílẹ̀. Ó wá ní ọkọ mi ló sọ pé bàálù pé. Ọmọ iṣẹ́ ọkọ mi nìwọ, ìwọ lo dìde jẹ́rìí níwájú àwọn tó ń ṣèwádìí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó kọjú sí ògiri, ibẹ̀ ló kú sí." Ó na ìka sí Súpánà. "Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, púlì tí ọkọ mi tìtorí ẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ni ìwọ àti Òkè fi ń ṣàwàdà, ẹ ń sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Súpánà. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Inú mi dùn pé ó kú. Inú mi ì bá dùn ju báyìí lọ ká ní ẹ̀wọ̀n rẹ tún kún un."

Ọmọ Súpánà yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì náà wí, "ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni."

Súpánà wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni. Mo gbọ́ tí ọ̀gá mi ń bẹ̀ ẹ́. Òkè ní òun á gbé ṣọ́ọ̀bù fún mi tí mo bá jẹ́rìí ti òun."

Bàbá Sùúrù ní kó máa lọ sílé, ọ̀ràn ìpànìyàn kò kàn án mọ́. Wọ́n mú Ìyá Aláṣọ wọ inú lọ. Kò wẹ̀yìn.

Ọmọ Súpánà gbé báàgì aṣọ náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ yìí ni mo fi ń lọgun pé ẹ kì í gbàgbé nǹkan," ó wí. "Ẹ lọ sọ òótọ́ yìí níbi tí ẹ ti purọ́ nígbà yẹn. Títí ẹ ó fi sọ ọ́, ẹ má wá sílé mi."

Ó jáde. Súpánà gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà, ó gbé e padà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n fún òun ní bébà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni orúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, orúkọ tí kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.