Sípíkà Yàrá Màmá

Èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún 1983 la ra ẹ̀rọ orin wa, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Méjì ni Síkírù tó ń ta rédíò gbé kalẹ̀ fún èmi àti Harold ọkọ mi. Ọ̀kan tóbi, ó ń dán. Ìkejì kò jọjú, ṣùgbọ́n ó ní sípíkà mẹ́rin tí a lè fi wáyà fà dé yàrá kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ń dán wu Harold.

Mo ní, "Màmá wa ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ̀. Wọn kò lè jókòó pẹ́ ní pálọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ràn orin ìyìn.

Harold rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Onísípíkà mẹ́rin náà ni."

Wáyà tán kó tó dé yàrá Màmá. A gbé sípíkà tiwọn lé orí àpótí wọn, a ń retí kí Síkírù mú wáyà sí i wá so ó.

Lọ́sàn-án Sátidé, Harold lọ sí Odògbólú. Iná ti lọ láti àárọ̀. Mo jókòó ní pálọ̀, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ilé pa rọ́rọ́.

Sípíkà pálọ̀ mí.

Mo gbójú sókè. Ó tún mí. Èémí gígùn, bíi ti ẹni tó ti rẹ̀.

"Ìyàwó mi." Ohùn Màmá ni. "Mo ti ṣubú."

Mo sáré. Wọ́n wà nílẹ̀ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí wọn. Mo fi gèlè di ọgbẹ́ náà, mo figbe ta. Adélékè, aládùúgbò wa, fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ọsibítù. Dókítà ní ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí, Mà."

Wọ́n wò mí. "Èmi? N kò lè la ẹnu."

"Mo gbọ́ yín, Mà. Nínú sípíkà."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo pè mí," ni wọ́n wí. "Láti orí àpótí. O ní, 'Màmá, ẹ má dijú, mo ń bọ̀.' O ń sọ ọ́ léraléra. Òun ni n kò fi sùn lọ."

Bẹ́ẹ̀ n kò pè wọ́n rárá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo kàn ń sáré ni.

Nígbà tí ọgbẹ́ wọn jinná, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà bi wá ohun tí Olúwa ṣe. Harold wo èmi, èmi wo Màmá.

"Ẹ ṣáà sọ pé ó ṣe é," ni Màmá wí.

A jó dé ibi pẹpẹ. Omijé ọpẹ́ ń bọ́ lójú mi. A kò sọ ẹni tó pè wá, nítorí a kò mọ̀ ọ́n.